Caladium yín kò kú, ó sùn ni: ewé aláràbarà lábẹ́ máńgòrò

Ìyá kan láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, tó fi “Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́” parí lẹ́tà rẹ̀, ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Mo gé e kúrú díẹ̀, kí wọ́n má bínú.

“Igi máńgòrò kan wà láàárín agbo ilé wa, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé mi níyàwó wọlé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo àgbàlá tán. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, mo ní kí n fi òdòdó tún abẹ́ rẹ̀ ṣe. Mo gbin róòsì, ó kú. Mo gbin croton tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Kò kú, ṣùgbọ́n gbogbo ewé tuntun tó ń yọ, aláwọ̀ ewé lásán ni. Lóṣù kẹfà mo ra caladium mẹ́fà. Wọ́n dára débi pé àlejò tó bá wọlé á kọ́kọ́ yà wọ́n ní fọ́tò kó tó kí mi. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti wó lulẹ̀, wọ́n kú, mo hú wọn dànù sẹ́yìnkùlé. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí a kúkú gé máńgòrò náà. Ṣé ewé aláwọ̀ kan wà tó lè gbé abẹ́ ìbòji láti ọdún dé ọdún, àbí kí n gbà fún un?”

Ẹ kú ilé o, Ìyá Ìbejì. Ẹ má gbà fún un. Igi tó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó délé ọkọ, ọjọ́ kan péré ni wọn yóò fi gé e, ṣùgbọ́n ooru tí yóò wọ yàrá yín lẹ́yìn náà, ọmọ yín kò ní bá yín sùn nínú rẹ̀. Ẹ̀ka díẹ̀ la máa gé. Mo máa débẹ̀.

Nínú nǹkan mẹ́ta tí ẹ kà sílẹ̀, róòsì nìkan ló kú. Oòrùn ni róòsì ń jẹ, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí èèyàn lè bẹ̀ ẹ́ lábẹ́ máńgòrò. Croton wà láàyè, ibi tí ẹ gbìn ín sí ni kò bá a lára mu. Caladium ńkọ́? Ó dùn mí láti kọ ọ́: oorun ló ń sùn nígbà tí ẹ hú u.

Caladium bá kókò tan. Ẹ wo ewé rẹ̀, ewé kókò ni, àfi pé ó fúyẹ́, ó sì ti kun ara rẹ̀. Àwọn àgbà kan ń pè é ní léfunlósùn, ẹni tó bá sì gbé ewé náà sójú á gbà pé orúkọ yẹn kì í ṣe àpọ́nlé: ṣe ló dà bí ẹni pé ẹnì kan fi ẹfun tọ́ ọ kínníkínní, tó wá fi ìka tó ti osùn bọ̀ tẹ̀ lé gbogbo iṣan rẹ̀ láti àárín títí dé etí. Apá Brazil àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká, níbi tí àwọn Àgùdà yín ti padà wálé, ni ó ti ṣẹ̀. Ní ilé rẹ̀ lọ́hùn-ún, òjò ní àsìkò tirẹ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ náà ní tirẹ̀. Bí òjò bá ti ń lọ, yóò fa oúnjẹ inú ewé wálẹ̀ sínú iṣu kékeré kan tó wà nínú ilẹ̀. Ewé á rọ, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á wó, kò ní ku nǹkan kan lókè tí ojú lè rí. Ṣé ẹ ti rí àgbẹ̀ tó débi iṣu rẹ̀ lóṣù kọkànlá, tó rí i pé ìtàkùn ti gbẹ, tó wá ń sunkún pé iṣu òun ti kú? Ìgbà yẹn gan-an ló máa lọ gbé ọkọ́. Bí caladium ṣe rí náà nìyẹn. Ẹni tó tà á fún yín ló yẹ kó sọ fún yín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ta òdòdó lẹ́bàá títì mọ̀ pé bí ẹ bá rò pé ó kú, ẹ óò padà wá ra òmíràn.

Lọ́dún tó ń bọ̀, bí ewé bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, ẹ má ṣàánú rẹ̀ pẹ̀lú omi. Omi tí a ń bu lé e nígbà tó ń sùn ló máa ń jẹ́ kó jẹrà. Ẹ dá omi dúró pátápátá. Bí ewé bá ti gbẹ tán, ẹ wa iṣu náà, ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sí abẹ́ òjìji fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí awọ rẹ̀ le. Ẹ wá kó o sínú agbọ̀n, ẹ fi eruku pákó gbígbẹ tàbí iyanrìn gbígbẹ bò ó, kí ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Má gbé e sínú fíríìjì o! Ìyá kan ṣe bẹ́ẹ̀ rí nítorí wọ́n ní alùbọ́sà ni wọ́n fi wé. Òtútù pa gbogbo rẹ̀. Lóṣooṣù, ẹ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ wò. Èyí tó bá rọ̀, tó ń rùn, ẹ mú un kúrò kó tó ran àwọn yòókù.

Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù kẹrin, ó tó gbìn. Ìwọ̀n ìka méjì ni jíjìn ihò rẹ̀, ojú tó ní kókó rúgúrúgù ni kó kọjú sókè, nítorí apá òkè iṣu yẹn náà ni gbòǹgbò ti ń yọ, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ délẹ̀, yóò ṣì hù, ṣùgbọ́n yóò pẹ́, á máa yí ara rẹ̀ po nínú ilẹ̀. Èyí tó bá tóbi, ẹ lè gé e bí ẹni gé ẹ̀bù iṣu, kí ègé kọ̀ọ̀kan ṣáà ní ojú kan ó kéré tán. Ẹ fi eérú tẹ ojú ọgbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kó tó wọlẹ̀. Ohun mìíràn tí àwọn tó pẹ́ nídìí rẹ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á fi orí ọ̀bẹ yọ ojú ńlá tó wà láàárín gan-an. Àwọn ojú kéékèèké tó yí i ká á wá jí lẹ́ẹ̀kan náà, igi kan á sì kún bí agbọ̀n ẹ̀fọ́ dípò kó yọ ewé ńlá mẹ́ta tó tò tẹ́ẹ́rẹ́. Bí òdòdó rẹ̀ bá yọ, tó rí bí ọ̀bẹ funfun tí wọ́n fi ewé wé, ẹ gé e. Kò lẹ́wà tó ewé, ó sì ń jẹ oúnjẹ iṣu.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, torí òun ló ṣe croton yín.

Ohun aláwọ̀ ewé tó wà nínú ewé ni igi fi ń se oúnjẹ láti ara ìmọ́lẹ̀. Ibi tó funfun lára ewé kò ní i, kò lè dáná, ibi tó kù ló ń bọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí ewé tó bá ní funfun púpọ̀ kì í fi í gbé ibi tó ṣókùnkùn biribiri, bẹ́ẹ̀ oòrùn ọ̀sán ganrínganrín sì lè jó ojú funfun yẹn kó di bí bébà tí iná rà. Pupa àti àlùkò tún yàtọ̀. Lára croton, ìmọ́lẹ̀ ló ń fà wọ́n jáde, bó bá dín kù, pupa náà á dín kù. Croton yín rí òkùnkùn, ó sọ àwọ̀ oge nù, ó ní kí òun kúkú fi gbogbo ewé dáná kí òun má baà pa ebi mọ́nú. Ẹ hú u pẹ̀lú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹ gbé e lọ síbi tí oòrùn ti ń kan ilẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́. Ewé tó ti yọ síbẹ̀ lè má yí padà, ṣùgbọ́n tuntun yóò pọ́n.

Báwo lẹ ó ṣe mọ irú ìbòji tí ẹ ní? Ẹ mú bébà funfun kan, ní agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbi tí ẹ fẹ́ gbìn nǹkan sí, ẹ na ọwọ́ yín lé e lórí, kó ga jù ú lọ ní bí ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí òjìji ọwọ́ yín bá dúdú, tí ẹ lè ka ìka márààrún pẹ̀lú èékánná, ibẹ̀ kì í ṣe ìbòji. Croton àti pèrègùn pupa ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ọwọ́ ni, àmọ́ etí ìka ń ṣe bàìbàì, ilé caladium àti coleus, tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú, nìyẹn. Bí ẹ ò bá rí òjìji kankan, tí bébà kàn dúdú díẹ̀ bákan náà níbi gbogbo, ẹ má náwó sí ewé olówó iyebíye níbẹ̀. Ẹ ṣe é láàárọ̀ náà, torí apá ìlà oòrùn máńgòrò a máa gba oòrùn àárọ̀ lábẹ́ ẹ̀ka, oòrùn yẹn kì í sì í jó ewé. Ibẹ̀ ló dára jù lọ nínú gbogbo àgbàlá yín. Mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà láìtíì débẹ̀.

Ẹ̀ka wá ńkọ́? Nígbà tí ẹ bá ká máńgòrò tán, bí oṣù keje, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe rẹ́ àwọn ẹ̀ka tó wólẹ̀ wálẹ̀, títí abẹ́ igi yóò fi ga tó èèyàn méjì tó gun ara wọn léjìká. Kí ó má gé ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ lọ́dún kan, kó sì gé e mọ́ ibi tí ẹ̀ka ti so mọ́ igi, kó má fi kùkùté sílẹ̀. Kó wọ aṣọ alápá gígùn, oje máńgòrò a máa bó ni lára. Ìyẹn nìkan á mú kí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ọmọ yín náà á sì rí nǹkan gé.

Ohun tó ń dààmú ọ̀pọ̀ èèyàn lábẹ́ igi kì í ṣe òkùnkùn, òùngbẹ ni. Ẹ dán an wò: lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ wẹliwẹli fún bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ lọ ki ìka yín bọ ilẹ̀ lábẹ́ máńgòrò, nítòsí ìdí rẹ̀. Òkè á tutù bí ẹni wọ́n omi sí i. Ìka kò tíì wọlẹ̀ dé oríkèé kìíní tí ẹ ó fi kan eruku gbígbẹ. Ewé máńgòrò nípọn, ó sì pọ̀, òun ló gba òjò yẹn, púpọ̀ nínú rẹ̀ á gbẹ sórí ewé. Ìwọ̀nba tó bá kán sílẹ̀, àwọn gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tó fọ́n sí òkè ilẹ̀ ti ń dúró dè é. Ẹ wá gbé caladium sáàárín wọn, ẹ ní kó bá wọn jà.

Èmi náà ti ṣìṣe níbí yìí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, oníbàárà kan ní Kétu pè mí pé kí n bá òun ṣe abẹ́ igi àgbálùmọ̀ kan. Mo rí gbòǹgbò tó yọ sí gbangba, mo ní ṣebí kí n fi ilẹ̀ bò wọ́n ni. Mo ra ilẹ̀ dúdú ọkọ̀ akẹ́rù kan, mo kó o yí ìdí igi ká, ó ga dé orúnkún, mo fi bíríkì ṣe etí rẹ̀. Ó dùn-ún wò, wọ́n sanwó, wọ́n tún fi obì lé e. Kò pé ọdún kan tí gbòǹgbò àgbálùmọ̀ fi gun òkè wá sínú ilẹ̀ tuntun yẹn, wọ́n jẹ ẹ́ tán bí ọmọ ilé ìwé tó bá ìkòkò ẹ̀wà nílẹ̀. Gbogbo ohun tí mo gbìn rù. Èyí tó wá burú jù ni pé èèpo igi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, torí ìdí igi kì í fẹ́ kí wọ́n bo òun mọ́lẹ̀. A kó ilẹ̀ yẹn kúrò, a kó o kúrò pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, lọ́fẹ̀ẹ́.

Látìgbà náà, ìkòkò ni mo fi ń bá igi ńlá gbé. Ẹ ra ìkòkò amọ̀, tàbí kí ẹ lo garawa tó ti bẹ́ nídìí, kí ihò ṣáà wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wá ibi tí kò sí gbòǹgbò ńlá, ẹ gbẹ́ ihò díẹ̀, ẹ ri ìkòkò náà débi àárín rẹ̀ kó má baà ṣubú, kí ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ní gbogbo oṣù mẹ́ta, ẹ gbá etí ìkòkò mú, ẹ yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ó gbọ́ tí nǹkan ń já tẹ́rẹ́tẹ́rẹ́ nísàlẹ̀: gbòǹgbò máńgòrò tó fẹ́ gba ihò ìdí wọlé nìyẹn.

Ilẹ̀ tí ẹ máa rọ sínú rẹ̀: ilẹ̀ pupa Àjàṣẹ́ yẹn, bí òjò bá lù ú, á dì, bí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, á le bí ògiri. Ẹ má lò ó lásán. Ìpín kan rẹ̀, ìpín kan iyanrìn tí kò ní iyọ̀, ìpín méjì ilẹ̀dú tó ti jẹrà tán, tó ń rùn bí igbó lẹ́yìn òjò. Ilẹ̀ àkìtàn àtijọ́ dára, bí ẹ bá ti ṣa ìgò àti ọ̀rá inú rẹ̀ kúrò. Ẹ kò jìnnà sí Centre Songhaï, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ àgbẹ̀, ní Ouando, tí Fadá Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe ń sọ ìgbẹ́ ẹran àti pàǹtírí oko di ilẹ̀dú, ẹ ó rí i pé kò sí idán níbẹ̀. Ewé máńgòrò tó ń já lójoojúmọ́, ẹ má sun ún mọ́. Ó nípọn, kì í tètè jẹrà, nítorí náà ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́ tàbí kí ẹ kó o jọ sí kọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú èèpo iṣu àti omi ìdọ̀tí ìdáná, láìsí ọṣẹ nínú rẹ̀. Fún oṣù bíi mélòó kan ẹ óò máa rò pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, kí ẹ tó tú u wò lọ́jọ́ kan.

Omi: ẹ má fi kéré wọ́n ọn lójoojúmọ́. Ẹ fún un mu yó lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, láàárọ̀, kí ẹ sì fi ewé gbígbẹ bo ojú ilẹ̀ ìkòkò. Bí kànga yín bá súnmọ́ ọ̀sà tí omi rẹ̀ ní iyọ̀ díẹ̀ lẹ́nu, etí ewé ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Á gbẹ, á pọ́n bí etí àkàrà. Ẹ máa gbe omi òjò fún wọn.

Yàtọ̀ sí caladium, kí ni ẹ lè gbìn? Mi ò ní ka gbogbo rẹ̀. Èyí tí mo mọ̀ pé ó ń gbé ni mo máa sọ.

Coleus ni mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fojú ewé tálákà wò ó. Gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà ni wọ́n ti mú un wá, ó sì ti di ọmọ ilé. Ewé kan lè ní àlùkò láàárín, pupa tó yí i ká, kí etí rẹ̀ wá jẹ́ àwọ̀ ewé tí wọ́n gé ṣágiṣàgi bí etí aṣọ tí télọ̀ fi àlùmọ́gàjí gé. Kì í sùn, àmọ́ ó ń tètè gbó. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, á ga, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á di igi, ewé á ṣẹ́kù sórí nìkan. Nítorí náà ẹ máa já orí rẹ̀ nígbà gbogbo, kí ẹ sì já òdòdó rẹ̀ kó tó là. Ohun tí ẹ bá já, tó bá gùn tó ìka àárín, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, ẹ fi sínú ife omi lójú fèrèsé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, gbòǹgbò funfun á ti yọ. Báyìí ni coleus kan ṣe ń wà láti ọdún dé ọdún: kì í ṣe igi kan náà ló ń dàgbà, ọmọ rẹ̀ ló ń rọ́pò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní i, kò yẹ kó ra òmíràn mọ́ láé. Ẹ tọrọ lọ́wọ́ aládùúgbò.

Níbi tí òjìji ọwọ́ yín kò ti hàn rárá, ojá ìkòokò ni kẹ́ ẹ gbìn, pàápàá irú tó ní etí yẹ́lò. Ewé rẹ̀ dúró ṣánṣán bí idà, kò bìkítà fún ọyẹ́, kò bìkítà fún ẹni tó gbàgbé omi. Ohun kan ṣoṣo ló ń pa á, omi àpọ̀jù. Ẹ má fi ewé rẹ̀ gé gbìn bí ẹ bá fẹ́ kí etí yẹ́lò yẹn wà. Èyí tó bá hù láti ara ègé ewé á padà di aláwọ̀ ewé lásán. Ìdí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ pín. Aglaonema, tí òun náà bá kókò tan, gbà láti gbé ibẹ̀, èyí tó ní àwọ̀ eérú lára. Èyí tó pupa fẹ́ ìmọ́lẹ̀ sí i, ó sì wọ́n.

Ewé kan tó ní àlùkò lábẹ́ àti àwọ̀ ewé lókè wà káàkiri àgbàlá Àjàṣẹ́ tí a kì í fojú òdòdó wò, tó ń pọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó ń gbé òdòdó funfun rẹ̀ pamọ́ sínú ohun tó dà bí ọkọ̀ ojú omi ní ìdí ewé. Rhoeo ni wọ́n ń pè é lọ́jà òdòdó. Ẹ fi tò sí etí ọ̀nà. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín ra ìbátan rẹ̀ tó jẹ́ àlùkò látòkè délẹ̀ fún abẹ́ máńgòrò. Oòrùn ló sọ ìyẹn di àlùkò, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá lójú yín bíi ti croton.

Calathea ni àwọn tó ń wo fọ́tò lórí fóònù máa ń bi mí. Ó rẹwà, mi ò lè parọ́: ewé tó dà bí ẹni fi ìyẹ́ ẹyẹ yà á, tí ń ká sókè lálẹ́ bí ẹni ń kírun. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ Àjàṣẹ́ kò dára fún un, bó bá fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo etí rẹ̀ á rún. Ẹ gbé ìkòkò kan péré sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ti ń fọ abọ́, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù, kí ẹ fi dánra wò. Ìdílé kan náà ni òun àti ewé eéran tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ, ìyẹn sì jẹ́ ọmọ igbó wa gan-an, ó mọ abẹ́ ìbòji ju gbogbo wọn lọ. Mo gbin ewé eéran sáàárín caladium fún oníbàárà kan, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé ewé ìyá ẹlẹ́kọ ni. Nígbà tí caladium bá lọ sùn, òun ló ń bo ilẹ̀ tó ṣófo. Ẹ tún wọ Jardin des Plantes et de la Nature tó wà nílùú yín, igbó àwọn ọba Àjàṣẹ́ ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ dúró sábẹ́ àwọn igi ńlá yẹn, ẹ wo ohun tó ń hù ní ìsàlẹ̀ wọn láìsí ẹni tó ń bomi rin ín.

Bí ẹ bá rí nǹkan dúdú bí èédú lójú ewé tí ẹ gbìn, ẹ gbójú sókè. Kì í ṣe àìsàn ewé yín. Kòkòrò funfun wẹ́wẹ́ tó dà bí ìyẹ̀fun ló lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ewé máńgòrò, wọ́n ń mu oje rẹ̀, ohun dídùn tí wọ́n ń yàgbẹ́ ló kán sílẹ̀ tí dúdú yẹn fi hù lé e. Aṣọ tútù tí ẹ ti bọ inú omi ọṣẹ díẹ̀ á nù ún kúrò. Ẹ má wá ẹni tó máa fín oògùn sí igi ńlá nínú agbo ilé. Ní àwọn ọdún 1980, irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ba máńgòrò jẹ́ gan-an ní orílẹ̀-èdè Tógò, Gánà àti Benin tiwa. Agbọ́n kékeré kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́, tí wọ́n mú wá láti Íńdíà, ni ó rọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Oògùn tí ẹ bá fín máa kọ́kọ́ pa àwọn agbọ́n yẹn.

Ìgbín wẹ́wẹ́ ni ọ̀tá caladium. Alẹ́ ni wọ́n ń jẹun. Ẹ gbé iná tọ́ọ̀ṣì, ẹ ṣà wọ́n. Àti àwọn ọmọdé tó ń sọ òkò sí máńgòrò lóṣù kẹrin títí dé ìkẹfà! Èso tó ń já lu ewé kò tó bàtà wọn. Mi ò ní oògùn fún ìyẹn, àfi kí ẹ gbé ìkòkò yín kúrò lábẹ́ ẹ̀ka tó so jù títí wọn yóò fi ká a tán.

Ẹ gbọ́, mo fẹ́ kí ẹ ka èyí fún àwọn ìbejì pẹ̀lú, bí wọ́n bá ti ní ọmọ tó ń rá: caladium, aglaonema àti gbogbo àwọn tó bá kókò tan ní nǹkan bí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ nínú oje wọn, ohun kan náà tó ń mú kí kókò tí kò jiná yún ni lọ́fun. Ọmọ tó bá jẹ ẹ́, ẹnu rẹ̀ á wú. Ẹ gbé wọn ga, tàbí kí ẹ fi ọgbà kékeré yí wọn ká. Ewúrẹ́ náà a sì máa bá wọn ṣeré lẹ́ẹ̀kan kó tó kọ́gbọ́n. Ẹ má gbé abọ́ omi sábẹ́ ìkòkò òdòdó, ibẹ̀ ni ẹ̀fọn máa fi ṣe ilé ìgbẹ̀bí.

Ẹni tó bá ń kà á láti Kétu, gbogbo èyí bá yín mu, ẹ ṣáà tètè dá omi caladium dúró. Láti Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti gùn tí òkúta sì ń tú ooru jáde títí di òru, mo máa ní kí ẹ fi ojá ìkòokò àti pèrègùn ṣe ìdí ọgbà yín, kí caladium jẹ́ àlejò òjò nìkan.

Ìyá Ìbejì, ẹ ní ẹ̀yìnkùlé ni ẹ da àwọn caladium mẹ́fà yẹn sí. Iṣu rẹ̀ kì í tètè kú bí ilẹ̀ bá gbẹ. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tó pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú igi kékeré kan, ẹ lọ tú ibi àkìtàn yẹn wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹni tó ń gbálẹ̀ tó débẹ̀. Ohun tí ẹ ń wá á rí bí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ìránṣọ, á pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ á ṣì ká jọ.